Ẹja Tí Ó Léfòó: Àfiwé inú Gẹ̀ẹ́sì Ọrọ̀ Ajé àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Èdè

Ìfáàrà

Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí bá ẹni tí ń túmọ̀ èdè wí, ó sì bá ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní èdè wí pẹ̀lú. Lójoojúmọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ń ránni níṣẹ́, lórí rédíò, nínú ìwé ìròyìn àti lẹ́nu àwọn aláṣẹ. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ni ó sì jẹ mọ́ owó, ọjà àti gbèsè. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n fi tọmọ jẹ́ ẹ fún ará ìlú ń fi tẹrú jẹ́ ẹ. Wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ bí wọ́n ti bá a, wọn kò tú u wò. Àwọn olùkọ́ èdè tí ó yẹ kí wọ́n tú u fún ọmọ ní kíláàsì sì káwọ́ gbera, wọ́n ní ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe ti èdè, wọ́n ní ti olùkọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ni.

Ní Doka, láàárín ìlú Kaduna, ọmọ Yorùbá kò lè ṣàì gbọ́ èdè mẹ́ta kí oòrùn tó wọ̀: Yorùbá lẹ́nu òbí rẹ̀, Haúsá ní àdúgbò àti lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́. Nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ti ń sọ fún un pé nǹkan wọ́n, pé owó kò níyì mọ́, pé gbèsè pọ̀ lọ́rùn ìlú. Ta ni ó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe mọ ohun tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń sọ, àti ohun tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀? Bí kò bá jẹ́ olùkọ́ èdè, kò sí ẹlòmíràn.

Àfiwé kì í ṣe ti akéwì nìkan

Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, gẹ́gẹ́ bí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ èdè ti mọ̀, ni pípe ohun kan ní òmíràn láìlo 'bí' tàbí 'dà bí'. Ní kíláàsì lítíréṣọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní èyí. Bí wọ́n bá ti jáde níbẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ́tí sí ìròyìn owó ní Gẹ̀ẹ́sì yóò bá àfiwé pàdé níbẹ̀ ju inú ọ̀pọ̀ ewì lọ. Owó di omi tí ń ṣàn. Ọjà di iná tí ń gbóná tí ó sì ń tutù. Ọrọ̀ ajé di aláìsàn. Wọ́n a ní kí ìjọba gún un ní abẹ́rẹ́ owó, kí àwọn tálákà sì fara da oògùn kíkorò. Adam Smith, tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń pè ní baba wọn, lo ọwọ́ kan tí ojú kò rí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1776, ọwọ́ náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu wọn títí di òní.

Àwọn onímọ̀ ti sọ èyí tipẹ́. Lakoff àti Johnson fi hàn ní ọdún 1980 pé àfiwé kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ọ̀rọ̀ lásán, pé òun ni ọmọ ènìyàn fi ń ronú. Deirdre McCloskey, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kọ ìwé ní ọdún 1985 láti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àfiwé ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ wọn bí akéwì ti ń fi í ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 2000, Frank Boers ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tẹ àbájáde ìdánwò tí ó ṣe fún àwọn tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní èdè àjèjì jáde: àwọn tí wọ́n fi orísun àfiwé hàn rántí ọ̀rọ̀ ju àwọn tí wọ́n kò fi hàn lọ. Ẹ̀rí wà nílẹ̀, nígbà náà, pé títú àfiwé wò ń ran ẹ̀kọ́ èdè lọ́wọ́. Èéṣe tí àwọn olùkọ́ fi ń kọ ọ̀rọ̀ owó sójú pátákó ní òpó méjì, Gẹ̀ẹ́sì lápá kan, Yorùbá lápá kejì, tí wọn a sì ní kí ọmọ há a sórí?

Ọkọ̀ tí wọ́n tú lókùn

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà yí ètò pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè padà. Ó jẹ́ kí àwọn tí ń ra dọ́là àti àwọn tí ń tà á máa dá iye rẹ̀ láàárín ara wọn. 'Float' ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì lò. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ ní olówuuru yóò ní wọ́n ti jẹ́ kí náírà léfòó. Kí ni ọmọ Yorùbá yóò rí lójú inú rẹ̀? Ohun tí ó ń léfòó lójú odò ni ewé gbígbẹ, ìdọ̀tí àti òkú ẹja. Ẹja tí ó wà láàyè, abẹ́ omi ni í gbé. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé náírà léfòó, tí ó sì rò pé náírà kú, kì í ṣe òmùgọ̀. Èdè rẹ̀ ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ohun mìíràn ni Gẹ̀ẹ́sì ń fojú inú wò. Ọkọ̀ ojú omi ni, tí wọ́n tú okùn rẹ̀ kúrò lára èèkàn ní èbúté, tí ìgbì ń gbé sókè tí ó sì tún ń gbé wá sísàlẹ̀. Bí olùkọ́ bá ní 'wọ́n tú náírà kúrò ní èèkàn', kò sí ọmọ tí ó ti rí ewúrẹ́ rí tí kò ní yé. Kì í sì ṣe pé yóò yé e nìkan. Ìbéèrè yóò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ta ni ó tú u? Ibo ni yóò gbà lọ? Ta ni yóò dá a padà? Kí wọ́n tó tú u, nǹkan bí náírà 470 ni dọ́là kan ní iye ti ìjọba. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ti ju náírà 1,400 lọ. Ohun tí wọ́n ní ó léfòó ni ó rì bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ní ọdún 1986, ìjọba Ibrahim Babangida gbé ètò kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 'Structural Adjustment'. Àfiwé ilé kíkọ́ ni: ilé wà, ó wọ́, wọ́n fẹ́ tún un ṣe. Ta ni yóò sọ pé kí wọ́n má tún ilé òun ṣe? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n ṣí ọjà pàṣípààrọ̀ tuntun. Dọ́là tí kò tó náírà méjì ti ju náírà mẹ́ta lọ kí ọdún náà tó parí. Bí ẹnìkan bá bí àwọn tí ó gbé ayé ìgbà náà léèrè ohun tí ètò náà jẹ́, iye tí wọ́n ń ra ìrẹsì ni wọn yóò fi dáhùn, wọn kò ní mẹ́nu ba ilé.

Ọ̀wọ́ngógó tí wọ́n ní ó wálẹ̀

Nínú gbogbo àfiwé wọ̀nyí, èyí tí ó ń da ìlú rú jù ni 'inflation'. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fẹ́ sínú nǹkan tí ó fi ń wú. Yorùbá pè é ní ọ̀wọ́ngógó. Ọ̀rọ̀ tí ó dára ni, ṣùgbọ́n àwòrán inú rẹ̀ yàtọ̀. 'Ó wọ́n' lẹ́nu Yorùbá jẹ́ ohun méjì pọ̀: owó rẹ̀ pọ̀, kò sì sí ní ọjà. Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́ka sí ohun tí ń wú. Yorùbá ń tọ́ka sí ohun tí kò tó. Ìdí nìyí tí ará ìlú fi ń wá ẹni tí ó kó ọjà pamọ́ nígbà tí oníròyìn ń sọ̀rọ̀ nípa owó tí ó pọ̀ jù níta.

Èyí kò burú tó ohun tí ó tẹ̀lé e. Àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè, NBS, kéde pé ọ̀wọ́ngógó jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, oṣù kìíní ọdún 2025, iye tí ó jáde ni 24.48. Oníròyìn a sì sọ ọ́ ní Yorùbá pé ọ̀wọ́ngógó ti wálẹ̀. Ìyá tí ń ta ìrẹsì ní ọjà Sheikh Abubakar Gumi kò lè lóye rẹ̀, nítorí pé bí ọ̀wọ́n bá wálẹ̀ lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ni ó yẹ kí ó dé. Àjọ náà ti yí ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò padà, láti 2009 sí 2024, wọ́n sì tún agbọ̀n ọjà tí wọ́n ń wọ̀n ṣe. Èyí ni ó fa púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ náà. Ta ni ó sọ èyí fún ìyá náà ní èdè tí ó gbọ́?

Bí wọn kò bá tilẹ̀ yí ìpìlẹ̀ padà, ìṣirò kékeré kan wà tí olùkọ́ èdè lè fi ṣí ojú ọmọ. Kí a ní mudu ìrẹsì kan jẹ́ náírà 1,000. Ní ọdún kìíní, ọ̀wọ́ngógó jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Mudu di náírà 1,300. Ní ọdún kejì, ọ̀wọ́ngógó 'wálẹ̀' sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Mudu di náírà 1,560. Ọ̀wọ́ngógó wálẹ̀, ìrẹsì gòkè. Ẹni tí ń gun òkè, tí ó sì dín ìrìn rẹ̀ kù, kò tíì yí ẹ̀yìn padà. Ohun tí ó yẹ kí oníròyìn sọ ni pé owó ọjà ṣì ń gòkè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ àjèjì kan nínú gbólóhùn yìí. Kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí yóò lọ bá alátà jà pé ó ń rẹ́ òun jẹ nígbà tí rédíò ti ní nǹkan ti rọ̀.

Ìrànwọ́ ta ni fún ta ni?

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, ìjọba sọ owó epo pẹtiróòlù di náírà 141 láti náírà 65. 'Removal' ni ọ̀rọ̀ tí ó gba ìlú kan nígbà náà: wọ́n yọ owó ìrànwọ́. Àwọn ènìyàn tú síta, ìjọba sì dá a padà sí náírà 97. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sọ ní ọjọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ náà ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo kan tí kò tó náírà 200 ti di nǹkan bí náírà 500.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ gírámà wo ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì. 'Yọ' ń béèrè olùṣe: ẹnìkan ni ó yọ ọ́. 'Lọ' kò béèrè ẹnikẹ́ni: ohun náà di àlejò tí ó gbé àpò rẹ̀, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ gírámà tí ó dára ju èyí lọ kò sí nínú ìwé kankan, ó sì ń kọjá lójú àwọn olùkọ́ gírámà. 'Ìrànwọ́' pàápàá ti dá ẹjọ́ kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, ìjọba ti di olóore, ará ìlú sì ti di alágbe. Àwọn tí ó ní kí wọ́n yọ ọ́ ní àlàyé wọn, wọ́n ní àwọn olówó àti àwọn onífàyàwọ́ ni ó ń jẹ èrè rẹ̀. Àwọn tí ó ní kí wọ́n má yọ ọ́ ní tiwọn, wọ́n ní òun nìkan ni ohun tí tálákà ń rí gbà lọ́wọ́ ìjọba. Kíláàsì èdè kò níṣẹ́ láti gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ọmọ mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dá ẹjọ́ fún un.

Bákan náà ni ti gbèsè. Yorùbá ní ènìyàn 'jẹ' gbèsè; ẹni tí ó jẹ ẹ́ ni ó mọ adùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè tí Nàìjíríà jẹ ní gbèsè nínú ẹgbẹ́ Paris Club gbà ní ọdún 2005 láti fagi lé nǹkan bí bílíọ̀nù 18 dọ́là nínú bílíọ̀nù 30, tí Nàìjíríà sì san bílíọ̀nù 12, ìdáríjì ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni à ń dárí jì. Ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ gbèsè náà? Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ń béèrè. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbójú fò ó.

Ilé iṣẹ́ tí ó kógbá wọlé

Kò sí ìlú tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn tó Kaduna. Ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles Limited bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níhìn-ín ní ọdún 1957. Òmíràn sì tẹ̀lé e. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí ó kó ènìyàn láti ìhà gbogbo Nàìjíríà wá sí ìlú yìí. Ní ọdún 2002 ni ó ti ìlẹ̀kùn. Ní ọdún 2007, UNTL náà dá iṣẹ́ dúró, ó sì di ọdún 2010 kí ó tó tún ṣí. Gẹ̀ẹ́sì ní iṣẹ́ aṣọ 'collapse', bí ìgbà tí ilé wó lójijì. Ilé tí ó wó kò ní ọ̀daràn. Òjò ni, tàbí afẹ́fẹ́.

Yorùbá ní ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé. Inú ọjà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ẹni tí ó pàtẹ ni ó ń kó igbá rẹ̀. Ó ní ìdí tí ó fi kó o, ó sì lè padà pàtẹ lọ́la bí ìdí náà bá kúrò. Àfiwé kan ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Èkejì ń béèrè pé kí ni ó lé ọlọ́jà lọ: iná mànàmáná ni, tàbí aṣọ òkèèrè tí wọ́n ń kó wọlé, tàbí àwọn alábòójútó? Elisha Renne tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 2020 lórí ikú àti iṣẹ́ aṣọ ní Nàìjíríà, lórí àwọn òṣìṣẹ́ Kaduna Textiles tí ó kú lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ náà tì, àti àwọn opó wọn. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ilé iṣẹ́ 'kú', kí ó rántí pé àwọn kan wà tí ikú tiwọn kì í ṣe àfiwé.

Ohun tí àwọn alátakò ń wí

Àwọn kan ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó fún ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé. Àwọn wọ̀nyí kò tíì dé ọjà. Àwìn, èlé, èésú, àjọ, ẹ̀dínwó, èènì, gbànjo, alájàpá, alárobọ̀, ìpàǹpá: ta ni ó kọ́ Yorùbá ní wọn? Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí ń tà láwìn, tí wọ́n sì ń lóṣòó dúró de owó wọn, ni ó bí orúkọ òṣómàáló. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá sì sí, ọ̀nà wà láti ṣẹ̀dá rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, àti ìkejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1990, ṣe é fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ètò Ifẹ̀ tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ìṣirò gbà, owó kò lè kọ̀ ọ́.

Àwọn mìíràn ní olùkọ́ èdè yóò ṣi ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé túmọ̀. Ìbẹ̀rù yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ èdè lọ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ọrọ̀ ajé ni oògùn rẹ̀, kí ó má ṣe pa ẹnu mọ́. Àwọn kan sì ní ìdánwò kò béèrè rẹ̀. Òótọ́ ni, kò béèrè rẹ̀. Àwọn tí ń gbé ìbéèrè ìdánwò kalẹ̀ wà lára àwọn tí ń ka ìwé yìí; àwọn ni ọ̀rọ̀ náà kù sí lọ́wọ́.

Ohun tí kíláàsì èdè lè ṣe

Ọmọ Doka ní ohun tí ọmọ Ìbàdàn kò ní: èdè mẹ́ta. Kí olùkọ́ pín pátákó sí mẹ́ta. Gẹ̀ẹ́sì ní 'economy'. Yorùbá ní ọrọ̀ ajé. Haúsá ní tattalin arziki, èyí tí í ṣe ìtọ́jú ọrọ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra. Gẹ̀ẹ́sì ní wíwú. Yorùbá ní ọ̀wọ́n. Haúsá ní hauhawar farashi, gígùn tí owó ọjà ń gùn sókè. Nígbà tí iye náírà bá já wálẹ̀ nípa àṣẹ, Haúsá ní karya darajar naira: wọ́n ṣẹ́ iyì náírà, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi. Kí ọmọ bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni wọ́n fi wé kí? Ta ni olùṣe? Kí ni àfiwé náà fi pamọ́?

Kí wọ́n má sì dá Yorùbá sí. Ajé tí ó jẹ́ òrìṣà, tí ó ń wọ ilé ẹni tí ó wù ú, lè bo ẹni tí ó jí owó ìlú mọ́lẹ̀ bí ọwọ́ Adam Smith ti lè bò ó. Èdè tí kò bá lè yẹ ara rẹ̀ wò kò ní ẹ̀tọ́ láti yẹ èdè ẹlòmíràn wò.

Wákàtí kan lọ́sẹ̀ tó fún iṣẹ́ yìí. Ìwé ìròyìn ọjọ́ kan àti ẹfun ìkọ̀wé ni gbogbo ohun èlò rẹ̀. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tún jáde lọ fún ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́, kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka ọrọ̀ ajé jókòó pọ̀, kí wọ́n yan ogún ọ̀rọ̀ owó tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ìròyìn, kí wọ́n tú wọn, kí wọ́n sì fi lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà wà lọ́jà yìí, orí ọmọ sì ti wọ́.